Yàrá Tí Wọn Kì Í Kọ Orúkọ Ẹni Sílẹ̀

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ku díẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ ò sì tíì dé wọ́ọ̀dù wa. Bàbá tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú mi lọ́jọ́ náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ti gún ìka wọn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀, insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, irú èyí tó máa ń yára ṣiṣẹ́, ni dókítà sì kọ fún wọn. Irú insulin yìí kì í fi nǹkan falẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara aláìsàn. Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ bóyá ká dúró de oúnjẹ. Kò gbójú sókè. Ó ní oúnjẹ ń bọ̀ lọ́nà, pé aláìsàn mẹ́rin mìíràn ń retí òun, kí n tètè gún un. Òun ló fi káàdì ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó oògùn sí, òun ló yọ ọ́ jáde, nítorí káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣí ẹ̀rọ yẹn. Ó dúró tì mí títí mo fi fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Mo gún un.

Oúnjẹ ò dé. Nígbà tó máa fi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, bàbá yìí ti ń làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń bá ìyàwó wọn tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀. Mo tún gún ìka wọn: 52. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ ti wọ inú ewu. Mo sáré gbé omi ọsàn wá, mo gbé orí wọn dúró, wọ́n mu ún tán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti di 88. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Lọ́jọ́ Jimọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fún mi ní ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ mi. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sí pé mo fún aláìsàn ní insulin láìbi ẹnikẹ́ni, kí oúnjẹ tó dé, àti pé mo jẹ́ ewu fún aláìsàn. Ó fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ "kò kúnjú òṣùwọ̀n" sí.

Ọdún 2019 nìyẹn, ní yunifásítì kan láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Mo ti gba oyè kan ní Nàìjíríà kí n tó lọ, ètò olóṣù 16 fún àwọn tó ti ní oyè tẹ́lẹ̀ ni mo sì fi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àmì kékeré yẹn túmọ̀ sí fún mi. Bí mo bá fìdí rẹmi lẹ́nu iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, mo ti fìdí rẹmi nínú gbogbo kọ́ọ̀sì náà, kò sí bí máàkì ìdánwò mi ṣe lè ga tó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn. Físà akẹ́kọ̀ọ́ sì ni mo fi wà níbẹ̀, èyí tó sọ ọ́ di dandan pé kí n máa kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún. Ẹni tó bá jókòó sílé fún ọdún kan ń retí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìwé ìrìnnà rẹ̀ lè dojú rú. Owó tí màmá mi ta ilẹ̀ láti fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ mi náà wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan látọwọ́ ẹnì kan ló kó gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀bẹ.

Ohun tó mú kí ẹ̀kọ́ ìlera le ju àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn lọ nìyí, mi ò sì rò pé àwọn tí kò ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò, bí wọ́n bá fún un ní máàkì tí kò yẹ, á ní kí wọ́n mú ìwé ìdánwò òun wá, kí ẹlòmíràn tún un wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ò ní ìwé ìdánwò. Ẹnu ẹni méjì ni, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá, èkejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń fún ẹ ní máàkì, òun lo máa tọrọ ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó o bá ń wáṣẹ́, ilé ìwòsàn tó o sì ti ń kọ́ṣẹ́ lo ń retí pé kó gbà ẹ́. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, AAMC, máa ń bi àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ dókítà bóyá wọ́n fojú wọn gbolẹ̀ tàbí hùwà àìtọ́ sí wọn nígbà ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni máa ń tó nǹkan bí 40 nínú 100. Púpọ̀ nínú wọn ni kò fi sun ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ìgbẹ̀san sì wà lára ohun tí wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tí mo ka ìyẹn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tèmi, ó wọ̀ mí lára gan-an.

Mo fọ̀rọ̀ lọ àwọn èèyàn mi. Àǹtí mi tó wà ní Maryland ní kí n dákẹ́, pé wọn ò rán mi wá sí Amẹ́ríkà wá jà, kí n gba ìwé mi kí n máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé e sórí Facebook, kí n dárúkọ obìnrin náà, kí ayé gbọ́. Màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, lọ bẹ̀ ẹ́. Kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àgbà kì í rí ẹni tó kúnlẹ̀ kó má dárí jì í." Ìmọ̀ràn màmá mi ni mo gbà. Lóru ọjọ́ Sátidé mo jókòó, mo kọ ímeèlì gígùn kan: ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí, ẹ má bínú, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé iná kọ̀ǹpútà mi kú. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ wa láti lọ sunkún, mo rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò kà á rí. Wọ́n kọ ombuds sí i gàdàgbà, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè sọ ohun tó ń dùn ún ni, tí kò ní tibẹ̀ jáde, àti pé fóònù ló dára kéèyàn fi pè, kó má fi ímeèlì ránṣẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú mi. Ọ́fíìsì wo ní Amẹ́ríkà ni kì í fẹ́ ímeèlì?

Orí òkè kẹta ilé kan tó jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀, èèyàn á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà pàdé ẹni tó ń lọ. Kò sí ìwé tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí. Màmá kan tí á ti súnmọ́ 60 ọdún ló gbà mí, wọ́n ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ irú ibi tí ẹ wà, kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa sọ."

Wọ́n ní àwọn ò sí lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀gá wa kankan kò sì lè pàṣẹ fún àwọn. Wọ́n ní àwọn kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ì báà ṣe olùkọ́. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ilé ẹjọ́: àwọn kì í ṣèwádìí, àwọn kì í dájọ́, àwọn ò lè pa máàkì dà. Wọ́n ní ohun tí mo bá sọ níbẹ̀ kò ní jáde láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i, àfi bí àwọn bá rí i pé ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu gidi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá fi ọwọ́ kan bébà tó wà níwájú wọn. "Mo máa kọ nǹkan díẹ̀ kí n má baà gbàgbé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ yẹn á ti gé e." Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ìdọ̀tí funfun ti kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

Mo gbọ́ pé wọn ò ní gbè mí, inú mi bà jẹ́. Kí ni mo wá wá síbẹ̀ nígbà náà? Mo ti ń wá ẹni tí á dìde pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wá sí mi lọ́kàn, pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí màmá yìí bá gbọ́ tèmi nìkan tí wọ́n sì dá nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́bi, wọ́n lè gbọ́ ti ẹlòmíràn lọ́la kí wọ́n sì dá èmi lẹ́bi. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mo fi ímeèlì ẹ̀bẹ̀ mi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n kà á dópin, wọ́n gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n bi mí pé, "Kí ni ẹ ṣe tí ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀?" Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní kí n ṣe é ni. Wọ́n ní, "Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ síbí." Mo ṣàlàyé fún wọn pé níbi tí mo ti wá, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Èèyàn lè bẹ àgbà kí ọ̀rọ̀ lè tán, kí ilé lè tòrò, kí àyè ìjíròrò lè wà, kódà nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun kọ́ ló jẹ̀bi. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọn ò sì fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní àwọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí nílé wa, ṣùgbọ́n pé kí n ro ẹni tó máa ka ìwé yìí níbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, nínú yàrá tí mi ò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé àṣà Yorùbá. Ohun tí onítọ̀hún máa rí ni pé mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣe é. Ara mi tutù. Bí iná kọ̀ǹpútà mi ò bá kú lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera níbẹ̀ ni mo máa ń sọ èyí fún. Ẹ bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu bó bá wù yín. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé fún ohun tí ẹ ò ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ sínú àpò mi. Mo ti lérò pé n óò mú ẹ̀rí wá, mo sì ti ya fọ́tò ìwé kékeré tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ bàbá yẹn wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì wọn, ṣúgà wọn wákàtí sí wákàtí. Mi ò tíì gbé fóònù sókè tán tí màmá náà fi na ọwọ́. "Ṣé orúkọ aláìsàn wà lórí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn mí? Ẹ má fi hàn mí." Òfin HIPAA ti 1996 ló ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìwé aláìsàn jáde ní ilé ìwòsàn láìgbàṣẹ, kódà kó jẹ́ láti fi gbèjà ara rẹ̀, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun tí wọ́n lè fi lé e lọ, tí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ á sì di ìtàn. Wọ́n ní kí n lọ kọ ohun tí mo rántí sílẹ̀ lọ́nà mìíràn: aago wo, kí ni mo sọ, kí ni wọ́n dá mi lóhùn, ta ló wà nítòsí, láìsí orúkọ aláìsàn, láìsí nọ́ńbà, láìsí ọjọ́ orí. Kí n sì kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí n má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ níwájú wọn.

Wọ́n wá béèrè ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí: "Káàdì ta ni wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ oògùn?"

Mo la ẹnu, mi ò lè pa á dé. Ẹ̀rọ yẹn máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí i sílẹ̀, pẹ̀lú aago àti iye tó yọ. Mo ti ń gbé àṣírí aláìsàn kiri nínú fóònù mi ní wíwá ẹ̀rí, ẹ̀rí wà ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, níbi tí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ lè ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò sọ fún mi pé ìyẹn dá mi láre o. Wọ́n kàn béèrè ni. Mo ti wá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn nìyẹn, ìbéèrè ni irinṣẹ́ wọn.

Wọ́n béèrè òmíràn, èyí dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ní tiyín ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ò tíì dé. Kí ni ẹ lè ṣe yàtọ̀?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ló ti abẹ́rẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ò ní ṣe ohun tó lè pa aláìsàn lára, kó sì ké sí olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Ẹ̀rù ló bà mí láti sọ fún ọ̀gá pé rárá. Mo sunkún níbẹ̀ fún bàbá yẹn, kì í ṣe fún ìwé mi mọ́.

Nígbà tí mo dákẹ́ ni wọ́n fa kàlẹ́ńdà jáde. "Ọjọ́ wo ni wọ́n fún yín ní ìwé àyẹ̀wò yìí?" Mo ní ọjọ́ Jimọ̀. Ìlànà ilé ẹ̀kọ́ wa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n fi pẹ́ńsù kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sàmì sí ọjọ́ tó máa parí. Wọ́n wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí fi sọ́kàn: wíwá tí mo wá bá wọn kò dá aago yẹn dúró. Lójú òfin, bíbá ombuds sọ̀rọ̀ kò túmọ̀ sí pé yunifásítì ti gbọ́ ẹ̀sùn mi. Àṣírí tó ń dáàbò bò mí náà ló fà á. Bí wọn kì í bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wá, báwo ni ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa mọ̀ pé mo fẹ̀sùn kàn? Bí mo bá fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ gbọ́, èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn, kí ọjọ́ kẹwàá tó pé. Mo ti rí ẹni méjì látìgbà náà tí wọ́n lọ sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, tí ọkàn wọn balẹ̀ pé àwọn ti fi sùn, tí ọjọ́ sì kọjá lórí wọn. Ó dùn mí fún wọn, torí kò sí ẹni tó tàn wọ́n jẹ. Wọn ò kàn mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo bi wọ́n ìdí tí mi ò fi kàn sọ ọ́ fún olùkọ́ kan tó fẹ́ràn mi. Wọ́n ní mo lè sọ ọ́, ọ̀nà kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé olùkọ́ náà ò ṣèlérí àṣírí fún mi. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn tí kò yẹ tàbí ìfipábánilòpọ̀ ni, ìlànà ilé ẹ̀kọ́ wa sọ ọ́ di dandan fún olùkọ́ láti gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn ní láti mọ irú etí tó ń sọ̀rọ̀ sí kó tó la ẹnu. Ìwádìí yẹn dára láti ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ téèyàn bá dé, nígbà tí omijé ò tíì sí lójú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ. A jọ fi ẹnu ṣe ìdánrawò ohun tí mo máa sọ, àwọn ló ń ṣe bí olùdarí kọ́ọ̀sì. Nígbà àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, mi ò sì tíì dé orí insulin. Nígbà kẹta, mo ti lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n kọ, ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀, ohun tí mo ń béèrè. Lẹ́tà mi jẹ́ ojú ìwé kan. Èmi ni mo kọ ọ́, wọn ò bá mi kọ lẹ́tà kankan. Mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹjọ.

Olùdarí kọ́ọ̀sì pè mí. Nínú lẹ́tà mi, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kí ilé ìwòsàn wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ oògùn. Wọ́n wò ó. Wọ́n yọ gbólóhùn tó ní mo ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni kúrò, nítorí kò lè dúró mọ́. Wọn ò fún mi ní máàkì tó dára: wọ́n kọ ọ́ pé mo ní láti tún ìpinnu mi lórí oògùn ṣe, wọ́n sì gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn láti parí wákàtí tó kù. Mo rò pé ó tọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ò bẹ̀ mí rí, a sì ń pàdé lẹ́nu ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo yege kọ́ọ̀sì náà.

Ọ̀rọ̀ Sweden ni ombuds ti wá, láti inú ombudsman, ẹni tó ń ṣojú èèyàn. Òfin ilẹ̀ Sweden ti ọdún 1809 ló dá ipò náà sílẹ̀ kí aráàlú lè rí ẹni sọ ọ̀rọ̀ wọn fún nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nàìjíríà náà ní irú rẹ̀: ọdún 1975, lábẹ́ ìjọba Murtala Muhammed, ni wọ́n dá Public Complaints Commission sílẹ̀. Ìyẹn ní agbára láti ṣèwádìí. Ti inú yunifásítì Amẹ́ríkà, tó gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Michigan State University dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, kì í ṣèwádìí, àṣírí ló fi dípò agbára. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ oògùn ní ìlú ọba béèrè bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó wà ní England àti Wales yàtọ̀: Office of the Independent Adjudicator máa ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí tirẹ̀, nínú àwọn ilé ìwòsàn NHS, ìyẹn ti ìjọba, ní England sì ni wọ́n ti ní àwọn tí wọ́n ń pè ní Freedom to Speak Up Guardian, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ náà lè bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun kan bá ń kọ wọ́n lóminú nípa ààbò aláìsàn.

Ìbéèrè kan ṣì wà lọ́kàn mi fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá ń gé gbogbo ìwé wẹ́wẹ́, tí wọn kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni, báwo ni wọ́ọ̀dù yẹn ṣe máa yí padà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo rí ìwé ọdọọdún tí ọ́fíìsì náà ń tẹ̀ jáde fún àwọn aláṣẹ yunifásítì. Iye àwọn tó wá ló wà níbẹ̀, àti irú ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan. Lójú ìwé kan mo rí gbólóhùn tó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ń kédàárò nípa bí wọ́n ṣe ń kọ àyẹ̀wò wọn láìgbọ́ tẹnu wọn. Mi ò lè sọ bóyá mo wà nínú gbólóhùn yẹn. Èmi nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn dá mi lójú. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, àyè kan ti wà nísàlẹ̀ ìwé àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wa tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ tirẹ̀ sí kó tó fọwọ́ sí i.

Mo ti di nọ́ọ̀sì báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bí wọ́n bá rí i pé ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe léwu, kí wọ́n sọ fún mi pé rárá, mo sì máa ń ní kí wọ́n fi ẹnu wọn sọ ọ́ kí n gbọ́, kí ahọ́n wọn lè mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn dúró tì mí lẹ́nu ẹ̀rọ oògùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ṣé mo mọ ibì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè sọ̀rọ̀ tí kò ní jáde. Mo ya bébà ìnujú, mo kọ nọ́ńbà fóònù ombuds ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i, mo ní kó fi fóònù pè wọ́n, kó má fi ímeèlì ránṣẹ́, kó sì kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún un. Mi ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ lọ sọ. Ó fi bébà náà sínú bàtà rẹ̀, a sì lọ wo bóyá oúnjẹ ti dé.